Ṣé dandan ni kí n mọ̀ nípa ìràwọ̀ kí n tó lè ṣe IT níbi tẹlisíkóòpù ńlá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. 400 level ni mo wà, mechanical engineering ni mò ń kà, oṣù mẹ́fà SIWES wa sì ti ń sún mọ́lé. Ó wù mí kí n ṣe é ní ibùdó ìwòràwọ̀ ńlá, irú èyí tó wà lórí òkè ní Chile yẹn. Ọ̀rẹ́ mi ní wọn ò ní dá mi lóhùn àfi tí mo bá kọ́kọ́ gba sátífíkéètì astronomy lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan tún wà tó ní tá a bá lè san owó fọ́ọ̀mù, òun á bá wa wọlé. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kọ́ọ̀sì wo ni kí n ṣe, ṣé wọ́n sì máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ IT fi tẹlisíkóòpù yẹn wo ìràwọ̀ lóru?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o ṣé tó o bèèrè kó o tó náwó. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ sanwó fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì pè é lólè, àmọ́ àwọn ibùdó ńlá wọ̀nyí kì í ta fọ́ọ̀mù fún ọmọ iléèwé, orí wẹ́ẹ̀bù wọn ni wọ́n ń gbé àyè sí, ibẹ̀ náà lo ti máa kọ ọ́ fúnra ẹ, ọ̀fẹ́ ni. Owó tí ìyá ẹlòmíì fi ẹ̀jẹ̀ kó jọ ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí lọ, inú mi ò dùn sí i rárá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta kí gbogbo èèyàn gbọ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ sátífíkéètì. Rárá, o ò nílò ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó o máa bèèrè ni pé ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ rò pé ibùdó ìwòràwọ̀ jẹ́ ibi táwọn àgbà onímọ̀ máa ń jókòó sí lóru, wọ́n á dijú kan, wọ́n á fi ìkejì lé ẹnu irin gígùn, wọ́n á máa ka ìràwọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń kọ̀wé sí mi lẹ ní èrò yìí, òun ló sì ń ba lẹ́tà yín jẹ́. Iṣẹ́ control ni iṣẹ́ tèmi, ìyẹn ẹ̀rọ àti sọ́fítíwià tó ń yí tẹlisíkóòpù tó sì ń dá a dúró síbi tó yẹ, mo sì fẹ́ kó yé yín dáadáa pé ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ibẹ̀. Ẹnjiníà àti tẹkiníṣíànù kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Jẹ́ ká mú Paranal, torí mo gbà pé òun lò ń sọ. ESO ló ni ín, ìyẹn àjọ ìwòràwọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Garching lẹ́gbẹ̀ẹ́ Munich ní Jámánì. Inú aṣálẹ̀ Atacama ni òkè náà wà, gíga ẹ̀ tó 2,635 mítà. Tẹlisíkóòpù ńlá mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀, VLT ni wọ́n ń pè wọ́n, àkọ́kọ́ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ríran ní 1998. Dígí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó mítà 8.2, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 23, ṣùgbọ́n kò nípọn, sẹ̀ǹtímítà 17.5 péré ni. Ìwọ tó o ń ka mechanical, sọ fún mi, nǹkan tó fẹ̀ báyẹn tó sì fẹ́lẹ́ báyẹn, tó o bá ń dà á sọ́tùn-ún dà á sósì, kí ló máa ṣe? Ó máa tẹ̀, ìwúwo ara ẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe to actuator 150 sábẹ́ ẹ̀, ìyẹn àwọn apá kéékèèké tó ń tì í tó sì ń fà á, kọ̀ǹpútà á máa yẹ àwòrán ìràwọ̀ kan wò, á wá máa sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn iye agbára tó máa fi tì í, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa ṣe é títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó ń tún àwọn apá yẹn ṣe lè má mọ orúkọ ìràwọ̀ kankan o. Ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wọn agbára, bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń purọ́ tó bá gbóná, àti ìdí tí wáyà kan ṣoṣo fi máa ń já léraléra.

Ooru ńkọ́? Ìyẹn gan-an ni mo máa fẹ́ kí ọmọ mechanical ronú sí. Ṣó o ti wo títì ọ̀dà lọ́sàn-án gangan rí, tí afẹ́fẹ́ orí ẹ̀ á máa jó tí mọ́tò ọ̀ọ́kán á máa mì lójú ẹ? Tí dígí bá gbóná ju afẹ́fẹ́ alẹ́ lọ, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lójú ẹ̀ nìyẹn, àwòrán á sì dàrú. Nítorí náà wọ́n máa ń ti ilé tẹlisíkóòpù pa látàárọ̀, wọ́n á tan ẹ́síì sínú ẹ̀, wọ́n á mú un tutù dé ibi tí wọ́n retí pé ojú ọjọ́ máa wà tí oòrùn bá wọ̀, kí inú àti ìta lè jẹ́ ọ̀kan náà nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Gbogbo àpótí iná tó wà lára tẹlisíkóòpù náà ń mú ooru jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi tútù gbé ooru yẹn lọ síbòmíì kó má lọ sójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Pọ́ǹpù, fáàfù, páìpù, chiller tó ń mú omi tutù, ẹni tó máa ṣírò bí omi ṣe máa sáré tó. Iṣẹ́ ta nìyẹn? Iṣẹ́ ẹ ni!

Irin tó gbé dígí yẹn lé ní 400 tọ́ọ̀nù, gbogbo ẹ̀ ló sì ń yí, orí ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ ló ti ń yí, kí ó má bàa máa há tàbí kó máa fò. Ọ́ìlì yẹn nílò pọ́ǹpù, ó nílò fíltà, ó lè jò. Àwọ̀ alumíníọ̀mù tó wà lójú dígí náà máa ń gbó, eruku aṣálẹ̀ kì í jẹ́ kó pẹ́, tó bá ti tó ọdún mélòó kan wọ́n á yọ gbogbo dígí náà kúrò, wọ́n á gbé e sórí ọkọ̀ rọra sọ̀kalẹ̀ òkè lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fi kẹ́míkà bó ti àtijọ́, wọ́n á gbé e sínú táǹkì tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, wọ́n á wá kun tuntun, èyí tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ní bí ìgbà 1000. Ẹ ronú sí kíréènì tó máa gbé nǹkan tọ́ọ̀nù 23 tí ò gbọ́dọ̀ gba ojú ọgbẹ́ kankan. Ilẹ̀ Chile sì máa ń mì tìtì, torí náà wọ́n tún ní àwọn ìdè tó máa di dígí mú tí ilẹ̀ bá mì.

Wàyí o, ẹni tó ń wòràwọ̀ gan-an. Kò sẹ́ni tó ń fojú wo nǹkan kan nínú tẹlisíkóòpù yẹn. Kámẹ́rà ló ń gba ìmọ́lẹ̀, àwọn míì nínú kámẹ́rà yẹn sì wà nínú kòkò tí wọ́n fi náítrójìn olómi mú tutù rinrin. Àwọn tó ń darí ẹ̀ jókòó sí yàrá kan nísàlẹ̀, iwájú kọ̀ǹpútà ni wọ́n wà, yàrá kan náà ni wọ́n ti ń darí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìràwọ̀ tó ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lóru yẹn ò tiẹ̀ sí ní Chile, wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á bá wọn ṣe é, wọ́n á fi dátà ránṣẹ́ sí wọn.

Ọ̀sán sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹnjiníà. Láàárọ̀ wọ́n á ka ohun tó bàjẹ́ lóru, wọ́n á pín in, gbogbo nǹkan sì gbọ́dọ̀ ti padà bọ̀ sípò kí oòrùn tó wọ̀, torí alẹ́ kan tó bá lọ lásán, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Tí wọ́n bá gbà ẹ́, àárín ìyẹn ni wàá wà, wọ́n á sì sábà fún ẹ ní nǹkan kékeré kan tó jẹ́ tìẹ: bóyá kó o wá ìdí tí mọ́tọ̀ iná kan fi ń gbọ̀n, kó o yàwòrán irin tó máa gbé sẹ́ńsọ̀ tuntun, kó o kọ prógíráàmù tó máa ka dátà pọ́ǹpù kó lè sọ ṣáájú pé èyí fẹ́ kú.

Ìràwọ̀ wíwò? Tó o bá parí iṣẹ́, jáde síta kó o gbójú sókè. Òkùnkùn ibẹ̀ ò ní àbùlà, wọn ò tiẹ̀ ń jẹ́ kéèyàn tan iná ńlá iwájú mọ́tò nítòsí tẹlisíkóòpù lóru. Ẹwà ojú ọ̀run yẹn pọ̀, mi ò ní purọ́ fún ẹ, ó sì wù mí kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń ka ẹ̀rọ rí i lẹ́ẹ̀kan láyé. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n máa tìtorí ẹ̀ gbà ẹ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ fún ẹ pé ọmọ ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ni ẹnjiníà, sọ fún un pé nígbà tí wọ́n fún Reinhard Genzel àti Andrea Ghez ní ẹ̀bùn Nobel ní 2020 nítorí nǹkan ńlá tí ò ṣe é rí tí wọ́n fi hàn pé ó wà láàárín gbùngbùn àgbájọ ìràwọ̀ wa, Paranal yìí wà lára ibi tí Genzel ti ṣiṣẹ́. Láti so ìmọ́lẹ̀ tẹlisíkóòpù mẹ́rin pọ̀ bí ọ̀kan, kẹ̀kẹ́ tó gbé dígí ní láti máa sáré lórí irin bíi ti rélùwéè nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, kó sì dúró síbi tó yẹ láìyẹsẹ̀. Àwọn kan ló to irin yẹn tó fi gún, wọn ò gba Nobel, àmọ́ láìsí wọn kò sí.

Torí náà kí lo máa kọ́? Fi sátífíkéètì yẹn sílẹ̀. Kọ́ Python, kọ́ Linux, mọ CAD dáadáa, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà yàwòrán ẹ̀rọ, mọ bí wọ́n ṣe ń ka dírọ́ọ̀ìn tí ẹlòmíì yà, mọ PLC, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, tó o bá rí ibi tí wàá ti fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ Chile lo ń lé, bẹ̀rẹ̀ Spanish lónìí, torí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ Spanish ni tẹkiníṣíànù tó máa kọ́ ẹ níṣẹ́ máa fi bá ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú lẹ́tà ẹ, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé o ti fẹ́ràn ìràwọ̀ láti kékeré, gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́. Sọ nǹkan tó o fọwọ́ ara ẹ ṣe. Tó o bá ti ṣe ẹ̀rọ ìpamọ ẹyin adìyẹ (incubator) tó ń dá ooru ara ẹ̀ dúró, kọ ọ́ síbẹ̀, sọ sẹ́ńsọ̀ tó o lò, sọ ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́ lára ẹ̀ àti bó o ṣe mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni ẹnjiníà tó ń ka lẹ́tà máa dúró kà.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n lè gbà wá kù, ibí yìí ni mo ti máa ṣọ́ra, torí òfin máa ń yí padà, èmi kì í sì í ṣe lọ́yà, lọ ka ohun tí wọ́n kọ síta lọ́dún tó o fẹ́ lọ. Ní Chile, IT wà nínú ẹ̀kọ́ ẹnjiníà tiwọn náà, torí náà àwọn ọmọ yunifásítì ibẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù. Ní Hawaii, ètò Akamai dára gan-an fún ẹnjiníà, ọmọ IT á gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ ibùdó kan, á sì dúró níwájú èèyàn ṣàlàyé ẹ̀ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Hawaii ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ní Amẹ́ríkà, èyí tí ìjọba ń sanwó ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní REU, ọmọ orílẹ̀-èdè wọn àti ẹni tó ní green card nìkan ló wà fún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má fi àkókò ṣòfò síbẹ̀, àyè tí kì í ṣe REU ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ lọ bá ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè níléèwé yín nítorí CPT, ìyẹn àṣẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ F-1 fi ń ṣe IT, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan. South Africa, níbi tí MeerKAT, tẹlisíkóòpù rédíò tó ní àwo 64, wà ní Karoo, ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́jọ tí wọ́n jọ ń ṣe SKA, ìyẹn tẹlisíkóòpù rédíò ńlá tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, Ghana wà níbẹ̀, Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Ó dùn mí, àmọ́ kó o mọ̀ ọ́n báyìí sàn. Tó bá sì jẹ́ ALMA ni wọ́n mú ẹ lọ, ìyẹn àwọn àńtẹ́nà 66 tó wà ní Chile náà, ní 5,000 mítà, afẹ́fẹ́ ò tó èèyàn níbẹ̀, àyẹ̀wò dókítà ni wọ́n ń fi ṣáájú, má fi ohun tó ń ṣe ẹ́ pamọ́ fún wọn, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ SS tàbí tẹ́ ẹ ní ikọ́ fée.

Ká sòótọ́, fún oṣù mẹ́fà tó ń bọ̀ yìí, ilé ni mo máa ní kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ibùdó ẹ̀kọ́ nípa òfúrufú ti Áfíríkà wà ní Ifẹ̀, inú ọgbà OAU, Nsukka náà ní ibùdó sáyẹ́ǹsì òfúrufú tiwọn, lọ bèèrè bóyá wọ́n ń gba ọmọ IT. Tí wọn ò bá gbà ẹ́, má bínú, ilé iṣẹ́ tó ń rọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní PLC àti chiller dáadáa máa kọ́ ẹ ní nǹkan tí tẹlisíkóòpù ń lò ju kọ́ọ̀sì astronomy lọ, kó o wá kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó o máa kọ sí àwọn ESO tó bá yá. Tó bá sì jẹ́ pé òkèèrè lo ṣì ń fẹ́ fún SIWES yìí gan-an, lọ bá kòódínétọ̀ ẹ ní dìpátímẹ́ǹtì kó o tó kọ̀wé síta, kó sọ fún ẹ lórí ìwé pé wọ́n máa gba logbook ẹ, torí súpáfáísọ̀ ní láti wá wò ẹ́ níbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa wọ bàálù lọ sí Atacama nítorí ẹ.