Kí ló dé tí "ship" àti "sheep" fi jọra létí mi?

Ìbéèrè yín ni pé ọmọ yín, tó ń kọ́ ìró Gẹ̀ẹ́sì níléèwé ní Sùúrùlérè, ní ẹ kì í pe "ship" dáadáa, ẹ̀yin ò sì gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí "sheep". Ẹ fọkàn balẹ̀, etí yín ò ní àléébù kankan. Ọpọlọ ló ń pín ìró sí ìsọ̀rí, ti èdè àkọ́kọ́ ló sì ń lò. Fáwẹ́lì àìránmúpè 7 ni Yorùbá ní, "i" kan ṣoṣo ló wà nínú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ní méjì níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "van" ṣe ń di "fan" lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa.

Ìkókó kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní 1984, àwọn olùṣèwádìí méjì, Janet Werker àti Richard Tees, fi hàn pé ìkókó inú ilé Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́ ìyàtọ̀ ìró Híńdì tó ṣòro fún àgbà, àmọ́ agbára yẹn ti dín kù gan-an kí wọ́n tó pé ọdún kan.

Àgbà náà lè kọ́ ọ o! Ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́nu oríṣiríṣi ènìyàn, kí ẹnì kan máa sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ bóyá ẹ gbà á. Irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ran àwọn ará Jàpáànì lọ́wọ́ lórí "r" àti "l". Gígùn nìkan kọ́ ni ìyàtọ̀ náà, bí wọ́n ṣe sábà máa ń kọ́ wa: ahọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ fún "ship". Kí ọmọ yín máa pe ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, kí ẹ máa nawọ́ sí àwòrán èyí tí ẹ gbọ́.