Brutus àti Antony lórí òkú Késárì: ta ló mú ẹ̀rí wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Eré Julius Caesar tí Shakespeare kọ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2, a sì ti dé ibi tí Brutus, ọ̀kan nínú àwọn tó pa Késárì, olórí Róòmù, àti Antony, ọ̀rẹ́ Késárì, ti bá àwọn ará Róòmù sọ̀rọ̀ lórí òkú rẹ̀. Ohun tí mo máa ń kọ́ wọn ni pé Brutus fi làákàyè sọ̀rọ̀, Antony fi ẹkún sọ̀rọ̀, ẹkún sì borí làákàyè. Ọ̀kan nínú wọn wáá dìde, ó ní, "Bí Brutus bá fi làákàyè sọ̀rọ̀, ẹ̀rí wo ló mú wá?" N kò rí èsì fọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ méjèèjì kó lè yé wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, olùkọ́. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa, nítorí ohun tó béèrè gan-an ló yẹ kí gbogbo kíláàsì fi ka ìran náà.

Brutus kò mú ẹ̀rí kankan wá. Ẹ ṣí apá kẹta, ìran kejì, kí ẹ tún un kà. Ó ní kí wọ́n gba òun gbọ́ nítorí ọlá òun. Ó ní kì í ṣe pé òun kò fẹ́ràn Késárì, Róòmù ni òun fẹ́ràn jù ú lọ. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí Késárì wà láàyè kí gbogbo wọn kú sínú oko ẹrú, tàbí kí Késárì kú kí wọ́n di òmìnira. Ta ló sọ pé ọ̀nà méjì péré ló wà? Brutus ni, kò sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló da ìbéèrè pèsìjẹ bò wọ́n: ta ló rẹlẹ̀ débi pé yóò fẹ́ ṣe ẹrú? Ta ló burú débi pé kò ní fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀? Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, kó sọ̀rọ̀, òun ni mo ṣẹ̀. Ó wáá dákẹ́, ó ń retí èsì. Ta ni yóò jáde láàárín èrò pé òun rèé, òun ló wu láti ṣe ẹrú? Wọ́n ní kò sí o. Brutus ní, ó dára, a jẹ́ pé n kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ọ̀rọ̀ geere ni, kì í ṣe ewì, síbẹ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló ní ìkejì tó bá a dọ́gba: Késárì fẹ́ràn mi, mo sunkún un, orí rẹ̀ sunwọ̀n, mo bá a yọ̀, akin ni, mo bọlá fún un, ó ń ṣe ojúkòkòrò ipò, mo pa á. Bó ṣe tò ó tó gún régé yìí ló ń jẹ́ ká rò pé àlàyé la gbọ́. Ní ti ohun tí Késárì ṣe gan-an, Brutus ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní Capitol, ibi tí àwọn aṣòfin Róòmù ti ń pàdé nínú eré náà. Kò kà á fún wọn.

Kí ló dé tí kò kà á? Ẹ mú àwọn ọmọ padà sí apá kejì, ìran kìíní, lóru tí Brutus dá wà nínú ọgbà rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní ìjà kankan pẹ̀lú Késárì, pé òun kò tíì rí i kí ìfẹ́ inú ọkùnrin náà borí làákàyè rẹ̀ rí. Ohun tí adé lè sọ Késárì dà ló ń bà á lẹ́rù. Nígbà tí kò sì rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn nípa irú ẹni tó jẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ní kí àwọn kà á sí ẹyin ejò, kí àwọn pa á sínú èèpo. Ẹni tó pa èèyàn nítorí ohun tí ẹni náà kò tíì ṣe, ẹ̀rí wo ni yóò kó síwájú èrò? Èmi gbà pé ibẹ̀ ni ìdáhùn ọmọ yín wà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kì í sì í so ìran méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ igbe èrò nígbà tí Brutus parí. Ẹnì kan ní, "Ẹ jẹ́ kó di Késárì!" Òmíràn fẹ́ kí wọ́n dé e ládé. Ọkùnrin tó paniyan kí ẹnikẹ́ni má baà jọba ni wọ́n fẹ́ fi jọba. Wọ́n gbà fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò wọlé.

Ó wáá kan Antony. Cassius, tí òun àti Brutus jọ dìtẹ̀ pa Késárì, ti kìlọ̀ fún Brutus pé kó má jẹ́ kí ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀. Brutus kò gbọ́. Ó fún un láyè, ó ní kó má dá àwọn lẹ́bi, kó sọ rere Késárì bó ṣe fẹ́, kó sọ pé àwọn ló yọ̀ǹda, kó sì sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé òun. Lẹ́yìn náà ni Brutus bá tirẹ̀ lọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sílẹ̀ fún ọ̀tá.

Ẹ̀rí mẹ́ta ni Antony kọ́kọ́ kó sílẹ̀. Késárì kó òǹdè wá sí Róòmù, owó ìràpadà wọn sì bọ́ sínú àpò ìlú. Nígbà tí àwọn tálákà ké, Késárì sunkún. Lọ́jọ́ àjọ̀dún Lupercal, wọ́n gbé adé fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Léraléra ni Antony ń sọ pé Brutus ní Késárì ń ṣe ojúkòkòrò, ọlọ́lá ènìyàn sì ni Brutus. Kò dá a lẹ́bi o. Ó pa àdéhùn mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan, oyè náà ti di ẹ̀gàn létí èrò.

Ẹ fàlà sábẹ́ ohun tí ará ìlú kìíní sọ nígbà tí Antony dákẹ́ díẹ̀. Ó ní lójú òun, làákàyè pọ̀ nínú ohun tó ń wí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹlòmíràn tó ṣàkíyèsí pé ẹkún ti sọ ojú rẹ̀ di pupa bí iná. Ẹ̀rí ló ṣíwájú ẹkún.

Èyí kò sọ Antony di olóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé adé ọjọ́ náà fún Késárì, Casca, òmíràn nínú àwọn tó pa Késárì, sì ti sọ fún wa ní apá kìíní pé lójú òun, ó ń ṣe Késárì bí ẹni pé kó má mú ọwọ́ kúrò lára adé náà. Antony kò sọ ìyẹn. Látìgbà tó sì ti rí i pé èrò ti tẹ̀ sọ́dọ̀ òun ló ti yí ọwọ́ padà. Ó fi wíìlì Késárì hàn wọ́n, ó ní òun kò ní kà á, ó sì fi ọgbọ́n jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ni ajogún. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n yí òkú ká. Ó mú aṣọ àwọ̀lékè Késárì, ó ń tọ́ka sí ihò: ibí ni ọ̀bẹ Cassius gbà, ibí ni ti Casca, ibí ni Brutus àyànfẹ́ ti gún un. Báwo ló ṣe mọ̀? Trebonius, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀, ti fà á jáde kí wọ́n tó pa Késárì. Kò sí níbẹ̀. Ó tún sọ fún wọn pé òun kì í ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bíi Brutus. Nígbà tí wọ́n ti ń sáré lọ dáná sunlé, òun ló pè wọ́n padà pé wọ́n ti gbàgbé wíìlì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni drachma 75 (owó ìgbà náà) fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan, àti àwọn ọgbà Késárì létí odò Tiber.

Ẹ má ka ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Lọ́jọ́ kìíní, kí ọmọ kan dúró síwájú ka ti Brutus sókè, kí ìdajì kíláàsì jẹ́ èrò. Bó bá ti parí, kí wọ́n pa ìwé dé, kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn kan: kí ni Késárì ṣe? Wọn yóò kọ pé ó ń ṣe ojúkòkòrò ipò. Ẹ ní kí wọ́n wá àpẹẹrẹ kan nínú ọ̀rọ̀ Brutus. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n wá a títí. Lọ́jọ́ kejì, kí ẹni tó ń ṣe Antony dákẹ́ níbi tí Antony ti dákẹ́, kó sì sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ti sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n wáá fi bírò àwọ̀ méjì fàlà: ọ̀kan fún ohun tí ará Róòmù èyíkéyìí lè jẹ́rìí sí, ìkejì fún ohun tó jẹ́ pé Antony nìkan ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọn yóò fojú ara wọn rí ibi tí àwọ̀ kejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ìwé.

Ẹ má fo ìran kẹta o. Ó kúrú, àmọ́ ibẹ̀ ni èrò yìí ti pa Cinna akéwì nítorí pé ó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dàlẹ̀. Kí ẹ sì ka ìbẹ̀rẹ̀ apá kẹrin mọ́ ọn, níbi tí Antony ti ní kí wọ́n lọ mú wíìlì náà wá, kí àwọn wo bí àwọn yóò ṣe dín ohun tí Késárì fi sílẹ̀ fún aráàlú kù.

Ní ti ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ pé Brutus kò mú ẹ̀rí wá, tó sì fi ọ̀rọ̀ inú ọgbà ti apá kejì gbè é lẹ́yìn, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀ pé, kódà bí ìwé ìrànwọ́ bá sọ òmíràn.