Tíọ́rì kálíkúlọ́ọ̀sì: ohun tó wà lórí ìwé ni wọ́n ń máàkì

Àbúrò mi, o kọ̀wé sí mi láti Súrúlérè pé o máa ń mókè nínú ọ́bjẹ́ẹ̀tífù AP Calculus BC, ìyẹn ìdánwò kálíkúlọ́ọ̀sì tí àjọ College Board ti Amẹ́ríkà ń ṣe, àmọ́ tó bá ti kan tíọ́rì, ṣe ni máàkì rẹ máa ń já wálẹ̀, o sì fẹ́ mọ ohun tó o lè ṣe kí oṣù karùn-ún tó dé. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, torí ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn nígbà tí mò ń múra ìdánwò yìí nílé wa ní Ṣómólú. Ìdajì máàkì ló wà lọ́wọ́ tíọ́rì: ìbéèrè 6 láàárín ìṣẹ́jú 90, máàkì 9 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo kọ́kọ́ rò pé mi ò tíì mọ iṣẹ́ náà tó ni, mo bá tún bẹ̀rẹ̀ ìwé láti ojú ewé àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ òru ni mi ò sùn, síbẹ̀ máàkì mi ò kúrò lójú kan. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkọkà ló là mí lójú. Ó fún mi ní dy/dx = xy, ó ní y jẹ́ 3 nígbà tí x bá jẹ́ 0, kí n wá y. Mo kó y sí apá kan, mo kó x sí apá kejì, mo ṣe íńtígíréṣọ̀n méjèèjì, mo sì kọ ọ́ pé ln y = x²/2. Mi ò kọ C kankan, ìyẹn nọ́ńbà àìmọ̀ tí a máa ń fi kún ìdáhùn íńtígíréṣọ̀n. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n parí ni mo rántí 3 yẹn, mo fi í síwájú, ìdáhùn sì jáde bó ṣe yẹ: y = 3e^(x²/2). Inú mi dùn gan-an. Máàkì mẹ́ta nínú márùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi fún mi, ọ̀kan fún kíkó wọn sọ́tọ̀, méjì fún íńtígíréṣọ̀n, ó ní ìlànà tí wọ́n fi ń máàkì kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí kò kọ C. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí mo gbà á.” Ó na ìka sí ilà náà, ó ní, “Ibo lo kọ ọ́ sí?” Mo ní ó wà lọ́kàn mi. Ó ní ẹni tó máa máàkì ìwé mi kò sí nínú ọkàn mi.

Láti ọjọ́ náà, mo tẹ ìbéèrè àtijọ́ jáde pẹ̀lú ìlànà máàkì wọn, èyí tí College Board ń gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́. N óò dáhùn ọ̀kan lálẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 15, n óò fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n lè gbàgbé èrò ọkàn mi, n óò wá mú bíìrò pupa, ohun tí ojú mi bá sì rí nìkan ni n óò fún ní máàkì. Ẹ̀yìn ìwé ni mo ń kọ máàkì tó sọnù sí, pẹ̀lú ohun tó gbé e lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé mo máa ń lo Mean Value Theorem (òfin tó ní ibì kan wà láàárín tí ìyára ìyípadà fọ́ńṣọ̀n ti bá ìpíndọ́gba rẹ̀ mu) láìkọ ọ́ pé fọ́ńṣọ̀n náà ṣeé ṣe dífárẹ́ńṣíéṣọ̀n fún, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ wà láìjá. Wọn kì í fúnni ní máàkì àlàyé láìsí gbólóhùn yẹn. Lórí síríìsì (àròpọ̀ nọ́ńbà tí kò lópin), mo máa ń fi ratio test, tó ń fi ẹyọ kan wé èyí tó ṣáájú rẹ̀, rí àlàfo x tí àròpọ̀ náà ti ń sún mọ́ nọ́ńbà kan (interval of convergence), n óò sì gbàgbé láti dán ìkángun méjèèjì wò, bẹ́ẹ̀ ìkángun kọ̀ọ̀kan nílò ìdí tirẹ̀. Níbi tí a ti ń lo kalikulétọ̀, ìyẹn ìbéèrè méjì àkọ́kọ́, kọ íńtígíràlì náà sílẹ̀ kó o tó tẹ̀ ẹ́, má sì ké nọ́ńbà kúrú láàárín iṣẹ́. Ẹyọ mẹ́ta lẹ́yìn pọ́íǹtì ni wọ́n ń fẹ́ ní ìparí. Má fi àkókò ṣòfò láti sọ ìdáhùn oní-nọ́ńbà di èyí tó rọrùn jù (simplify), wọn kò béèrè rẹ̀.

Orí kọ̀ǹpútà ni ìbéèrè wà báyìí, àmọ́ ọwọ́ la ṣì fi ń kọ ìdáhùn tíọ́rì sínú ìwé, nítorí náà fi bíìrò ṣe ìdánrawò rẹ. Bó o bá rí ọmọ kíláàsì rẹ kan tó lè máàkì fún ọ, fún un ní ìlànà náà, kó o sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìla ẹnu títí yóò fi parí.