Irú èèyàn wo ló ń gbé ní káúńtì Prince George's ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, báwo sì ni ilé ṣe rí níbẹ̀?

Ètò ìkànìyàn 2020 ka èèyàn 967,201 níbẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá, ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú wọn; àwọn Látìnò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀ o. Ní 1970, òyìnbó ló kún ibẹ̀. Òfin 1968 tó ní wọn ò gbọdọ̀ tìtorí àwọ̀ kọ̀ láti ta ilé tàbí yá èèyàn nílé ló jẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú lè máa kó wá láti Washington tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1990, wọ́n ti lé ní ìdajì.

Ní ti ilé, onílé pọ̀ ju ayálégbé lọ. Ní Bowie, wàá rí ilé ńlá tó dá dúró láyè ara rẹ̀, tó ní koríko níwájú. Langley Park yàtọ̀ pátápátá: ilé bíríkì alájà ni, àwọn ará El Salvador àti Guatemala ló sì pọ̀ nínú àwọn tó yá a. Èyí tó wù mí jù ni Greenbelt. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ọ, àwọn èèyàn sì kó wọ ibẹ̀ ní 1937. Lónìí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùgbé ló ni púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ náà.