Èsì: Òdo kọ́ ni ẹ̀rí ààbò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní 20 òṣìṣẹ́ ni yín ní sáìtì ìkọ́lé yín, kò sẹ́ni tó farapa lọ́dún tó kọjá. Ilé-iṣẹ́ kejì ní 300, èèyàn 3 farapa. Ṣé sáìtì yín ló láàbò jù?

Wákàtí iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Bí OSHA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́, ṣe ń ṣe é: ẹ sọ iye ẹni tó farapa di ìlọ́po 200,000, kẹ́ ẹ fi àpapọ̀ wákàtí iṣẹ́ gbogbo yín pín in. Wákàtí tí èèyàn 100 ń ṣe lọ́dún ni 200,000 yẹn. Bí àwọn 300 bá ṣe 600,000 wákàtí, 1 ni tiwọn, ìyẹn ẹni 1 nínú èèyàn 100. Tiyín, nínú 40,000, òdo ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá farapa, ó di 5 lójijì. Òdo sáìtì kékeré kò tíì fi nǹkan kan hàn.

Ewu tá a yọ nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kà. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àbọ̀ búlọ́ọ̀kù já bọ́ láti òkè, ó balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lébìrà tó ń po kọnkéré, omi sìmẹ́ńtì ta sí i lójú. A ní "Ọlọ́run ṣeun", iṣẹ́ ń lọ. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀! Ẹ ra ìwé kan fún irú ẹ̀: ọjọ́, ibi, ohun tó fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé owó ẹni tó bá wá sọ, torí wọn ò ní sọ mọ́.