Ọmọ mi mọ̀wé, ibo la ti máa rí sikọ́láṣíìpù?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ rí rísọ́ọ̀tì WAEC ẹ̀ gbà, A1 méje, B2 méjì, ó ń wù ú kó lọ ka kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì l'Amẹ́ríkà. Tíṣà ni bàbá ẹ̀, èmi ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà. Ẹnì kan ládùúgbò ní ká mú ₦350,000 wá kóun bá wa ṣètò sikọ́láṣíìpù. Ṣé ká san án?

Ìdáhùn: Mọ̀mí, ẹ kú oríire, ọmọ yín gbìyànjú gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹni yẹn ní kọ́bọ̀. Yunifásítì fúnra ẹ̀ ló ń fúnni lówó yìí, ọmọ yín ló sì máa fọwọ́ ara ẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù, owó fọ́ọ̀mù àti owó ìdánwò bíi SAT, tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì l'Amẹ́ríkà, lẹ máa san, ìyẹn náà ọ̀pọ̀ iléèwé á yọ̀ǹda owó fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ bá bẹ̀ wọ́n.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ ni pé ọ̀nà méjì lowó yìí ń gbà wá. Ọ̀kan ni ti ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní merit. Èkejì, wọ́n á wò ó pé agbára òbí ò ká a, wọ́n á wá fi tiwọn kún un. Ti àkọ́kọ́ ni gbogbo èèyàn ń sáré lé, bẹ́ẹ̀ ibi kejì lowó ńlá wà. Harvard, Yale, Princeton àtàwọn ẹgbẹ́ wọn nínú Ivy League, yunifásítì ńlá mẹ́jọ l'Amẹ́ríkà, kì í fúnni ní merit rárá, ṣebí gbogbo ẹni tó ń wọbẹ̀ ló mọ̀wé. Àwọn mẹ́ta yìí, pẹ̀lú MIT àti Amherst, kì í tìtorí pé òbí ò lówó kí wọ́n má gba ọmọ, kódà kó wá láti Nàìjíríà. Ó le láti wọlé síbẹ̀ o, mi ò ní tàn yín.

Ọ̀pọ̀ iléèwé tó kù máa ń wo ti owó òbí mọ́ ọn kí wọ́n tó gba ọmọ. Síbẹ̀ ẹ má dọ́gbọ́n sọ pé ẹ lè san án, pé tó bá débẹ̀ tán ẹ á bẹ̀ wọ́n, torí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí ò bá béèrè níbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò ní gbọ́ tiẹ̀ mọ́.

FAFSA tẹ́ ẹ máa ń gbọ́, ìyẹn fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, kì í ṣe tiwa, fọ́ọ̀mù CSS Profile lọ̀pọ̀ iléèwé fi ń wo agbára òbí bíi tiyín, 1 October ló máa ń ṣí. Ibẹ̀ ló ti máa ń dojú rú fáwọn ọlọ́jà. Bàbá ẹ̀ ní ìwé owó oṣù, ìyẹn ti tán. Ẹ̀yin, ẹ gbé ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ ọjà síwájú, iye tẹ́ ẹ ra àpò ẹ̀wà, iye tẹ́ ẹ tà á, ẹ yọ owó ṣọ́ọ̀bù, owó alábàárù, owó ọkọ̀ tó kó o wá láti Òkè Ọya, èrè tó ṣẹ́ kù lẹ máa kọ, kì í ṣe gbogbo owó tó gba ọwọ́ yín kọjá. Mo ti rí ìyá tó kọ gbogbo owó ọjà sílẹ̀ bíi pé owó oṣù ẹ̀ ni, fọ́ọ̀mù bá sọ ọ́ di olówó ọ̀sán gangan. Náírà ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, kó má sì ta ko ìwé báǹkì yín.

Tó bá jẹ́ merit lẹ ṣáà ń wá, ẹ wo sikọ́láṣíìpù Lester B. Pearson ti Yunifásítì Toronto ní Kánádà: owó iléèwé, ìwé àti ibùgbé fún ọdún mẹ́rin. Iléèwé ọmọ ló máa fà á kalẹ̀ o, wọn kì í sì gba ẹni tó ti jáde tipẹ́, torí náà ẹ tètè lọ bá pírínsípà.

Ọ̀rọ̀ físà Amẹ́ríkà náà ń yí padà ṣáá, ẹ wo sáìtì émbásì dáadáa kẹ́ ẹ tó náwó sí i. Mi ò sì ní gbà kó fi JAMB sílẹ̀. Tó bá wọ UI, MTN Foundation máa ń fún àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì tó ti dé 300 level lówó, tí máàkì wọn bá dáa. NELFUND, owó ìjọba àpapọ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní tiẹ̀, yíyá ni, kò lélé, àmọ́ wọ́n á gbà á padà.

Lọ́sẹ̀ yìí, kó lọ bá tíṣà méjì tó mọ̀ ọ́n dáadáa pé kí wọ́n kọ lẹ́tà fóun, kó sì gba rísọ́ọ̀tì SS1 dé SS3 ní ọ́fíìsì iléèwé.