Àádọ́ta ọ̀kẹ́: ṣé mílíọ̀nù kan géérégé ni àbí "ó pọ̀ gan-an" lásán?

Ẹni tó béèrè pé ṣé àádọ́ta ọ̀kẹ́ kàn túmọ̀ sí owó rẹpẹtẹ ni àbí iye kan pàtó, iye pàtó ni o, 1,000,000 géérégé, kò lé kò dín.

Ọ̀kẹ́ ni àpò tí wọ́n ń kó owó ẹyọ sí láyé àtijọ́, 20,000 ló ń wọ inú ọ̀kan. Wọ́n á sín ogójì ẹyọ sórí okùn kan, àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ á di ẹgbàá, ìyẹn 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá á wá di ọ̀kẹ́ kan, tẹ́ ẹ bá ti wá kó ọ̀kẹ́ 50 jọ mílíọ̀nù dé nìyẹn. Àádọ́ta fúnra ẹ̀ náà, ọgọ́ta dín mẹ́wàá ni, torí náà ẹni tó bá pe àádọ́ta ọ̀kẹ́ ti yọ, ó ti sọ di púpọ̀, kó tó panu dé.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ẹ máa pín 20,000 sí méjì títí tí ò fi ní ṣeé pín sí méjì mọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lẹ máa pín in kẹ́ ẹ tó kan 625, tẹ́ ẹ bá wá ń pín 625 sí márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kó tó ku 1. Ti 50 ńkọ́? Eéjì kan, aárùn-ún méjì. Eéjì márùn-ún ò ṣeé há sí ọ̀nà méjì lọ́gbọọgba, eéjì kan náà ò ṣeé há, ìdí nìyẹn tí ò fi sí odidi nọ́ńbà kankan tẹ́ ẹ lè fi lọ́nà ara ẹ̀ kó jẹ́ 20,000, kò sì sí ti 50 náà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé, 20,000 lọ́nà 50! Eéjì di mẹ́fà, aárùn-ún náà di mẹ́fà. Mẹ́fà ṣeé há sọ́nà méjì, ó ṣeé há sọ́nà mẹ́ta, ló fi jẹ́ pé 1,000 lọ́nà 1,000 ni mílíọ̀nù, 100 lọ́nà 100 lọ́nà 100 náà sì ni. Àrà gidi lèyí lójú tèmi o.

Iye nọ́ńbà tó lè pín mílíọ̀nù láìṣẹ́kù jẹ́ 49, torí ẹ lè mú eéjì látorí òdo dé mẹ́fà, kẹ́ ẹ mú aárùn-ún bẹ́ẹ̀, 7 lọ́nà 7.

Ẹ tún wò ó, látorí 1 dé mílíọ̀nù, nọ́ńbà mélòó ni eéjì ò lè pín tí aárùn-ún náà ò lè pín? Àwọn tó bá parí sí 1, 3, 7 tàbí 9 nìkan ni, mẹ́rin nínú mẹ́wàá mẹ́wàá, ìyẹn 400,000, ogún ọ̀kẹ́ géérégé.